Jọ́ọ̀jì Mímọ́ àti Àwọn Tó Fi Irin Lé E Lọ́wọ́

Fún nǹkan bí 700 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, kò sí dírágónì nínú ìtàn Jọ́ọ̀jì Mímọ́. Mo fẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí bí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀ lónìí, àwòrán kan náà ló máa ń wá síni lọ́kàn: ọ̀dọ́mọkùnrin lórí ẹṣin funfun, ọ̀kọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹranko abìyẹ́ tí iná ń yọ lẹ́nu rẹ̀ ń japoró lábẹ́ pátákò ẹṣin, ọmọbìnrin ọba sì dúró lápá kan, ó ń wò. Àwòrán yẹn wà lára owó wúrà àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ó wà nínú àmì ìlú Moscow, ó wà lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì ní Etiópíà, ó sì wà lórí pẹpẹ Ògún ní Rio de Janeiro. Ṣùgbọ́n àwọn Kristẹni tó kọ́kọ́ ń rìnrìn àjò lọ síbi ibojì rẹ̀ kò gbúròó ẹranko kankan. Ọmọ ogun tó kú nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni wọ́n mọ̀.

Lídà ní Palẹ́sìtínì, ìlú tó ń jẹ́ Lod lónìí, ni wọ́n ní ibojì náà wà. Ẹni tó bá ń ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì á rántí Lídà: ibẹ̀ ni Pétérù ti mú arọ kan lára dá, ẹni tó ti wà lórí ibùsùn fún ọdún 8. Ìtàn tí ìjọ ń fi lé ara wọn lọ́wọ́ láti ìran dé ìran ni pé ará Kapadókíà ni bàbá Jọ́ọ̀jì, ọmọ Lídà ni ìyá rẹ̀, ó sì wọ iṣẹ́ ológun Róòmù lábẹ́ Késárì Diocletian. Nígbà tí Késárì bẹ̀rẹ̀ inúnibíni ńlá ní ọdún 303, Jọ́ọ̀jì kọ̀ jálẹ̀, kò rúbọ sí òrìṣà Róòmù. Wọ́n fi oró jẹ ẹ́, wọ́n sì bẹ́ ẹ lórí ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin. Kò sí ìwé kankan tí wọ́n kọ nígbà ayé rẹ̀ tó dárúkọ rẹ̀. Ìtàn oró tó jẹ náà wá fẹjú débi pé ìwé àtijọ́ kan tí wọ́n fi orúkọ Póòpù Gelasius pè kà á mọ́ àwọn ìwé tí ìjọ kò tẹ́wọ́ gbà. Ìyẹn ò dí àwọn èèyàn lọ́wọ́. Ní ọdún 515, ní Ezra ní ilẹ̀ Síríà, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Jọ́ọ̀jì sórí ilẹ̀ tí ilé òrìṣà wà tẹ́lẹ̀, wọ́n sì gbẹ́ ọ̀rọ̀ ayọ̀ nípa rẹ̀ sára òkúta ẹnu ọ̀nà. Orúkọ tí wọ́n gbẹ́ síbẹ̀, ọ̀rọ̀ Gíríìkì ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni àgbẹ̀, ẹni tó ń ro ilẹ̀. Ológun tó ń jẹ́ Àgbẹ̀: ọmọ Yorùbá tó mọ ẹni tó ni ọkọ́ àti idà pa pọ̀ á ti máa mi orí.

Ọ̀kan nínú àwọn àwòrán rẹ̀ tó dàgbà jù tó ṣẹ́kù wà ní ilé àwọn àdágbé tó wà ní ẹsẹ̀ Òkè Sínáì, èyí tí wọ́n fi orúkọ Katẹríìnì Mímọ́ sọ. Ìda gbígbóná tí wọ́n pò mọ́ àwọ̀ ni wọ́n fi kùn ún sára pákó, ní nǹkan bí ọdún 500 sí 600. Màríà jókòó láàárín pẹ̀lú Ọmọ lẹ́sẹ̀. Jọ́ọ̀jì dúró lápá kan, Theodore tí òun náà jẹ́ ajẹ́rìíkú ológun dúró lápá kejì. Ẹ wo ohun tí wọ́n wọ̀: aṣọ àwọn ẹ̀ṣọ́ ààfin Kọnsitantinópù, tí iṣẹ́ ọnà kún ara rẹ̀. Àgbélébùú ló wà lọ́wọ́ wọn. Kò sí ọ̀kọ̀, kò sí ẹṣin. Aṣọ ààfin yẹn ni ẹ̀bùn àkọ́kọ́ tí mo rí pé ènìyàn fún un. Àwọn tó ń gbé lábẹ́ ọba ńlá wò ó, wọ́n sì rí ẹ̀ṣọ́ ọba.

Nígbà tó yá, ó gun ẹṣin. Ní ilẹ̀ Georgia lápá òkè Káúkásù, ènìyàn ni ọ̀kọ̀ rẹ̀ ń gún nínú àwòrán àtijọ́: ọba aninilára, Diocletian fúnra rẹ̀, tó nà gbalaja lábẹ́ ẹṣin. Theodore ló ń pa dírágónì. Ní tòótọ́, ohun ìní ẹlòmíràn ni ẹranko yẹn kó tó di ti Jọ́ọ̀jì. Àárín ọdún 1000 sí 1100 ni ó kọjá sọ́wọ́ rẹ̀, ìwé kan tí wọ́n fi èdè Georgia kọ ní àkókò náà sì ni èyí tó dàgbà jù tó sọ ìtàn bó ṣe bá a jà. Mo máa ń ronú lórí ìyípadà yìí. Àwọn tó rí ọba aninilára lójú rí ọba lábẹ́ ẹṣin. Nígbà tí ọba yẹn ti di ìtàn, wọ́n fi ẹranko rọ́pò rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó bá ń wò ó lè fi orúkọ ọ̀tá tirẹ̀ pe ẹranko náà.

Ọmọ Ítálì kan, Jacobus de Voragine, tó padà di bíṣọ́ọ̀bù àgbà ní Genoa, ló jẹ́ kí ìtàn náà kárí Yúróòpù. Nínú ìwé ńlá tó kọ nípa àwọn ẹni mímọ́ láàárín ọdún 1260 sí 1270, ó ní ní ìlú Silene ní Líbíà, nílẹ̀ Áfíríkà, dírágónì kan ń gbé inú adágún omi. Èémí rẹ̀ ń pa èèyàn. Àwọn ará ìlú ń fún un ní àgùntàn méjì lójúmọ́. Àgùntàn ń tán lọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọmọ ènìyàn kún un, wọ́n ń ṣẹ́ kèké lórí ọmọ tálákà àti ọmọ olówó, títí kèké fi mú ọmọbìnrin ọba. Ọba sunkún, ó bẹ̀bẹ̀ pẹ̀lú wúrà àti ìdajì ìjọba rẹ̀; àwọn ará ìlú tí ọmọ tiwọn ti kú kò gbà. Wọ́n wọ ọmọbìnrin náà láṣọ ọmọ ọba, ó sì jáde lọ síbi adágún. Jọ́ọ̀jì ń kọjá lọ tirẹ̀, ó rí i tó ń sunkún. Ó gún ẹranko náà lọ́kọ̀, ó ní kí ọmọbìnrin náà tú ìgbàjá rẹ̀, kí ó so ó mọ́ ọn lọ́rùn, ẹranko náà sì ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn wọ ìlú bí ajá. Ìgbà tí ìlú gba ìrìbọmi tán ni Jọ́ọ̀jì tó yọ idà pa á. Ní etí tèmi, ìtàn ọdẹ ni èyí. Gbogbo ohun tó wà nínú ìtàn ọdẹ ló wà níbẹ̀: ẹranko tó ń jẹ ìlú run, àlejò tó ń bọ̀ látinú igbó, ohun ìjà tó mú ṣánṣán.

Lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ogun ló gbé e dé. Àwọn tó lọ jagun Jerúsálẹ́mù ní àwọn rí i pẹ̀lú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ọ̀run nígbà ìjà Áńtíókù ní ọdún 1098. Ní 1222, ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Oxford fi ọjọ́ rẹ̀ sínú ọjọ́ àjọ̀dún. Ní 1348, Ọba Edward Kẹta dá ẹgbẹ́ olóyè Garter sílẹ̀, ó fi í ṣe alábòójútó rẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́gun Agincourt ní 1415, ọjọ́ rẹ̀ di ọjọ́ ńlá káàkiri ilẹ̀ náà. Kò fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí. Àgbélébùú pupa lórí aṣọ funfun tí wọ́n mọ̀ mọ́ ọn, Genoa àti àwọn ìlú mìíràn ń lò ó pẹ̀lú. Ní 1817, ọmọ Ítálì kan, Benedetto Pistrucci, gbẹ́ ẹ sára owó wúrà wọn: ihòòhò ló fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ẹṣin, bí akọni Gíríìkì. Àwòrán yẹn ṣì wà lára owó náà títí di òní.

Ibi tí mi ò lè sáré kọjá ni Florence. Ní nǹkan bí ọdún 1415 sí 1417, ẹgbẹ́ àwọn tó ń rọ ẹ̀wù irin àti idà fẹ́ gbé ère ẹni mímọ́ wọn sára ògiri Orsanmichele, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú ti ní àyè tiwọn lára ògiri. Donatello ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Ó fi òkúta mábù gbẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀ gírígírí, asà gígùn níwájú rẹ̀, ojú rẹ̀ le, iwájú orí rẹ̀ ṣù bíi ti ẹni tó rí ohun tó ń bọ̀ tí kò sì ní yẹsẹ̀. Dírágónì kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìyẹn wà nísàlẹ̀, nínú òkúta pẹlẹbẹ kan tí Donatello fín lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò tíì máa fi fín òkúta nígbà náà. Ó ha ojú òkúta díẹ̀díẹ̀ títí igi, òfuurufú àti òpó ilé fi jìnnà síni lójú, bẹ́ẹ̀ òkúta náà kò nípọn. Àwọn ihò wà lára ère náà tó fi hàn pé irin ti wà lára rẹ̀ rí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àṣíborí lórí, idà tàbí ọ̀kọ̀ lọ́wọ́. Àwọn alágbẹ̀dẹ yẹn gba ẹni mímọ́ lọ́wọ́ agbẹ́kùúta, wọ́n sì fi iṣẹ́ ọwọ́ tiwọn wọ̀ ọ́. Lónìí, ère gan-an wà ní ilé ọnà Bargello, àwòṣe rẹ̀ ló wà lára ògiri. Irin ti lọ; ihò ló kù.

Lẹ́yìn Donatello, gbogbo ayàwòrán ńlá ló fẹ́ yà á. Raphael yà á lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó pé ọmọ ọdún 25. Nínú ọ̀kan, ó so àmì ẹgbẹ́ Garter mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, nítorí pé ọba Gẹ̀ẹ́sì ti fi olóyè Urbino joyè ẹgbẹ́ náà ní 1504. Carpaccio ya ìtàn náà fún ilé ẹgbẹ́ kan ní Venice, ó fi orí àti ẹsẹ̀ àwọn tí ẹranko náà ti jẹ tó wà nílẹ̀ hàn, ohun tí ọ̀pọ̀ ayàwòrán kì í fẹ́ kí á rí. Èyí tó dẹ́rù bani jù wà ní Stockholm. Bernt Notke fi igi gbẹ́ ẹ, wọ́n sì ṣí i ní 1489, lẹ́yìn tí Sten Sture, olórí àwọn ará Sweden, ti borí ọmọ ogun ọba Dẹ́ńmákì ní Brunkeberg ní 1471. Ìwo ẹtu ńlá ilẹ̀ tútù gidi ni Notke kàn mọ́ dírágónì náà lára, tí gbogbo ara ẹranko náà fi gún ṣóńṣó bí igbó ẹ̀gún. Kò ṣòro fún ará Stockholm láti mọ ẹni tí ẹranko yẹn ń ṣojú fún.

Kì í ṣe Kristẹni nìkan ló ni ín. Ní abúlé al-Khadr lẹ́bàá Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, Kristẹni àti Mùsùlùmí jọ ń lọ tọrọ àlàáfíà níbi ilé rẹ̀, nítorí pé àwọn Mùsùlùmí agbègbè náà mọ̀ ọ́n pọ̀ mọ́ Khidr, ẹni awọ̀ ewé tí ikú kò rí gbé ṣe. Mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì jọ fara kanra ní Lídà níbi tí wọ́n ní ibojì náà wà. Ní Barcelona, ọjọ́ rẹ̀ ni ọjọ́ òdòdó àti ìwé. Òdòdó rósì àti ìwé máa ń kún ìgboro, ara ibẹ̀ ni UNESCO sì ti mú 23 oṣù Kẹrin fún Ọjọ́ Ìwé Àgbáyé ní 1995.

Ẹ jẹ́ ká wọ Áfíríkà. Ní Lalibela, lókè Etiópíà, wọn kò kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sókè. Wọ́n gbẹ́ ẹ sísàlẹ̀. Àwọn agbẹ́kùúta wa kòtò yí àpáta kan ká, wọ́n sì gbẹ́ àpáta tó kù láàárín di ilé, ní ìrísí àgbélébùú, tó ga ní nǹkan bíi mítà 12. Ẹni tó bá dúró lẹ́bàá kòtò, òrùlé ló máa kọ́kọ́ rí lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Bete Giyorgis ni orúkọ rẹ̀, Ilé Jọ́ọ̀jì. Nígbà tí Ítálì fẹ́ sọ Etiópíà di ẹrú, Ọba Menelik Kejì gbé tábótì Jọ́ọ̀jì, ohun mímọ́ tó dúró fún wàláà Mósè, lọ sójú ogun Adwa. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ọdún 1896, wọ́n ṣẹ́gun. Àwọn ayàwòrán Etiópíà kò fi í sílẹ̀ láti ìgbà náà: nínú àwòrán ogun Adwa, Jọ́ọ̀jì máa ń wà lókè nínú àwọsánmà lórí ẹṣin rẹ̀, ó ń ju ọ̀kọ̀ sí àwọn ọmọ ogun Ítálì. Àwọn ará Ítálì tó gbé Donatello, Raphael àti Pistrucci jáde rí Jọ́ọ̀jì lápá ọ̀dọ̀ kejì lọ́jọ́ náà. Menelik kọ́ kàtídírà rẹ̀ sí Addis Ababa, ibẹ̀ ni wọ́n ti dé Haile Selassie ládé ní 1930. Ọtí bíà ìlú náà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1922 ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1935.

Ọ̀nà tó gbà dé ọ̀dọ̀ tiwa kò dùn ún sọ. Àwọn Potogí fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Lójú ogun Aljubarrota ní 1385, orúkọ rẹ̀ ni ọmọ ogun Ọba João Kìíní ń ké. Ní 1482, Diogo de Azambuja wá sí etíkun ilẹ̀ Gáńà òde òní, ó kọ́ ilé olódi kan níbẹ̀ fún òwò wúrà, ó sì pè é ní São Jorge da Mina. Elmina tí a mọ̀ nìyẹn. Wúrà ni wọ́n kọ́kọ́ tìtorí ẹ̀ wá; nígbà tó yá, ènìyàn di ọjà ibẹ̀. Àwọn Dọ́ọ̀jì gbà á lọ́wọ́ Potogí ní 1637, òwò ẹrú kò sì dáwọ́ dúró. Ẹni tí ìtàn sọ pé ó gba ọmọbìnrin sílẹ̀ lẹ́nu ẹranko, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n kọ sí ilẹ̀kùn ilé tí wọ́n ti ń ti ọmọbìnrin ènìyàn bọ inú ọkọ̀. Nígbàkigbà tí mo bá rántí rẹ̀, ọkàn mi máa ń gbọgbẹ́. Àti pé orúkọ náà tẹ̀lé àwọn ẹrú sọdá òkun. Ní Rio de Janeiro, Mina ni wọ́n ń pe ẹrú tó bá ti apá etíkun tiwa wá, títí kan Yorùbá tí kò rí Elmina sójú rí, tó jẹ́ Àjàṣẹ́, Àgbádárìgì tàbí Èkó ni wọ́n ti kó o.

Nígbà tí wọ́n fi máa dé Bràsíl, Jọ́ọ̀jì ti ń dúró dè wọ́n níbẹ̀. Lọ́jọ́ Corpus Christi, ọjọ́ tí Àgùdà fi ń gbé Ara Olúwa yí ìlú ká, wọ́n máa ń gbé ère Jọ́ọ̀jì sórí ẹṣin tòótọ́, pẹ̀lú ẹ̀wù irin àti ọ̀kọ̀, ìlù àti fèrè ń lọ níwájú rẹ̀. Ta ló ń tọ́jú ère náà? Gẹ́gẹ́ bí àṣà tí wọ́n mú ti Lisbon wá, àwọn oníṣẹ́ irin àti iná ni: alágbẹ̀dẹ, àwọn tó ń ṣe kọ́kọ́rọ́, àwọn tó ń pọ́n idà. Bíi ti Florence gẹ́lẹ́. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ní àwọn ìlú Bràsíl, ọwọ́ ẹrú àti ọmọ ẹrú ló wà. Ní Vila Rica, tó di Ouro Preto, Aleijadinho ló gbẹ́ ère Jọ́ọ̀jì tó ń jáde lọ́jọ́ náà, ó fi oríkèé sí i kí ó lè jókòó lórí ẹṣin. Ẹrú ọmọ Áfíríkà ni ìyá Aleijadinho. Ère náà wà ní ilé ọnà ìlú náà títí di òní.

Ẹ wá fojú ọmọ Yorùbá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ wo ìtolọ́wọ̀ọ́wọ́ yẹn. Jagunjagun aṣọ irin ń bọ̀. Ọ̀kọ̀ àti idà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn alágbẹ̀dẹ ló tẹ̀ lé e. Gbogbo ìlú ń wólẹ̀ fún un, títí kan ẹni tó ra òun. Kí ni ẹnikẹ́ni fẹ́ kí ó pè é?

Àwọn kan ń sọ pé ẹ̀tàn ni, pé àwọn ẹrú fi Ògún pa mọ́ sẹ́yìn ẹni mímọ́ kí olówó wọn má baà mọ̀. Òótọ́ wà níbẹ̀, nítorí pé lílù ń bẹ, ẹ̀wọ̀n ń bẹ, ọlọ́pàá sì kó ìlù àwọn onísìn òrìṣà lọ títí wọnú ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi í mọ sí ẹ̀tàn kò tíì wo iṣẹ́ tí wọ́n ṣe dáadáa. Ní Kúbà, Pétérù ni wọ́n mú fún Ògún, nítorí kọ́kọ́rọ́ irin tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Háítì, Jákọ́bù ni, ẹni tí àwọn ará Sípéènì yà sórí ẹṣin pẹ̀lú idà. Irin ni wọ́n ń wá, wọ́n sì rí i níbikíbi tó wà. Kódà nínú Bràsíl wọn kò fẹnu kò. Ní Bahia, níbi tí àwọn ará Kétu ti fi ẹsẹ̀ ìsìn wọn múlẹ̀ jù, Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ni Jọ́ọ̀jì, Àǹtóníò ni Ògún. Wọ́n wò ó, wọ́n rí ọdẹ: ọkùnrin kan, ohun ìjà kan, ẹranko burúkú kan tó ṣubú. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọjọ́ Corpus Christi ni àwọn ilé àgbà ní Salvador, bí Ilé Àṣẹ Ìyá Nasò Ọkà, ti ń ṣọdún Ọ̀ṣọ́ọ̀sì di òní olónìí. Ìtolọ́wọ̀ọ́wọ́ tí ẹni mímọ́ ń gun ẹṣin nínú rẹ̀ ti di ìtàn ní ìgboro. Ọjọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú ilé òrìṣà. Dàhọ́mì run Kétu ní 1886, ṣùgbọ́n ọdún ọdẹ Kétu kò kú.

Rio yàtọ̀. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Málè, àwọn Yorùbá Mùsùlùmí, ní Bahia ní 1835, wọ́n ta ọ̀pọ̀ Yorùbá lọ sí Rio, àwọn olómìnira sì ń tẹ̀ lé wọn. Ìlú ọba àti ọmọ ogun ni. Nígbà ogun Paraguay, láti 1864 dé 1870, ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú ló wọ aṣọ ológun, àwọn kan nínú wọn fi gba òmìnira. Orúkọ Humaitá, odi tó ṣubú ní 1868, wọ inú orin Ògún, kò sì jáde mọ́. Nígbà tí ìsìn Umbanda wá gbilẹ̀ lẹ́yìn 1900, ère Jọ́ọ̀jì lórí ẹṣin ni wọ́n gbé sórí pẹpẹ fún Ògún. Ní Bahia, aṣọ Ògún jẹ́ búlúù. Ní Rio, pupa ẹ̀wù-àwọ̀lékè Jọ́ọ̀jì ló borí.

Ní ìdájí 23 oṣù Kẹrin, ní agogo márùn-ún, báńgà á bẹ̀rẹ̀ sí í dún lókè ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ní àárín ìgboro Rio, lẹ́bàá Praça da República. Àwọn tó ti sùn sí ẹnu ọ̀nà láti òru, tí gbogbo wọn wọ pupa àti funfun, á wọlé. Láti 2008, òfin ìpínlẹ̀ Rio ti sọ ọ́ di ọjọ́ ìsinmi fún gbogbo wọn. Lọ́sàn-án, ẹ̀wà dúdú tí wọ́n fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sè, feijoada, á máa hó ní ilé òrìṣà àti ní ilé orin sáḿbà, wọ́n á sì máa pè é ní ti Ògún. Àwọn ọmọ Àgùdà ní Èkó tó ń jẹ frejon ní Ọjọ́ Ẹtì Rere á mọ ibi tí orúkọ oúnjẹ náà ti wá. Àwọn tó ń bọ Ògún nílé náà mọ̀ pé ẹ̀wà kì í ṣe àlejò lójúbọ rẹ̀. Ẹgbẹ́ sáḿbà Império Serrano wà lábẹ́ ààbò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Corinthians ní São Paulo, tí pápá wọn àtijọ́ ń jẹ́ Parque São Jorge. Jorge Ben kọrin nípa rẹ̀ ní 1975, ọ̀pọ̀ olórin sì ti tún orin náà kọ. Bí òṣùpá bá sì mọ́lẹ̀, ìyá á nawọ́ sókè fi àbààwọ́n ojú rẹ̀ han ọmọ: ẹṣin nìyẹn, ọ̀kọ̀ nìyí, Jọ́ọ̀jì ń bẹ níbẹ̀, ó ń bá dírágónì jà. Nígbà tí Póòpù Paul Kẹfà tún kàlẹ́ńdà ìjọ tò ní 1969, tí ó sọ ọjọ́ Jọ́ọ̀jì di ọjọ́ tí ìjọ lè ṣe tàbí kí wọ́n fi sílẹ̀, kò sí ẹni tó jókòó sílé ní Rio nítorí ìyẹn.

Ìbéèrè tó lágbára jù wá látinú ilé òrìṣà fúnra rẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 1983, nígbà Àpérò Àgbáyé Kejì lórí Àṣà Òrìṣà ní Salvador (Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ti ṣe àkọ́kọ́ ní 1981), Ìyá Stella, ìyálórìṣà Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá, pẹ̀lú àwọn ìyá àgbà mìíràn bí Ìyá Menininha ti Gantois àti Olga ti Alákétu, fọwọ́ sí ìwé kan. Wọ́n ní òrìṣà kì í ṣe ẹni mímọ́ Àgùdà, pé ìsìn tó dá dúró ni ìsìn àwọn, pé ìgbà tí a fi ń gbé ère ìjọ síwájú òrìṣà ti kọjá pẹ̀lú oko ẹrú. Ẹ rántí pé ọmọ Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ni Ìyá Stella. Òrìṣà orí rẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń fi orúkọ Jọ́ọ̀jì pè ní Bahia láti ìran baba ńlá rẹ̀. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ tọkàntọkàn pé Ọ̀ṣọ́ọ̀sì kò nílò ẹ̀wù ẹlòmíràn mọ́, Ògún náà kò sì nílò rẹ̀. Ohun tí mi ò gbà fún ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ pásítọ̀ tàbí akọ̀tàn, ni kí ó ní àwọn ará wa tí wọ́n kó lọ kò mọ ìyàtọ̀, pé òpè ni wọ́n. Àwọn Gíríìkì fún un láṣọ ààfin, àwọn ará Georgia fi ọba aninilára sábẹ́ ẹṣin rẹ̀, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ di ará ìlú wọn, àwọn alágbẹ̀dẹ Florence fi irin lé e lọ́wọ́, kò sí ẹni tó pe ìkankan nínú wọn lópè. Àwọn tiwa ló wò ó tí wọ́n sì mọ̀ pé ẹni tó ni idà yẹn, àwọn ti mọ̀ ọ́n látilé.

Lẹ́nu ọ̀nà ọ̀pọ̀ ilé ní Rio, nínú ìkòkò òdòdó tàbí agolo ńlá, ewé kan máa ń dúró ṣánṣán, ó gùn, ó ṣe tẹ́ẹ́rẹ́, orí rẹ̀ ṣóńṣó bí ẹnu idà, ìlà fífẹ́ẹ́rẹ́ já kọjá lára rẹ̀. Wọ́n gbìn ín síbẹ̀ kí ibi má baà wọlé. Espada de São Jorge ni wọ́n ń pè é, idà Jọ́ọ̀jì Mímọ́. Ẹlòmíràn nínú ilé kan náà á pè é ní idà Ògún. Igbó apá ọ̀dọ̀ tiwa, láti Nàìjíríà lọ dé Kóńgò, ni ewé náà ti ń hù fúnra rẹ̀. Àwọn tó ń ṣa ewé lọ́dọ̀ wa mọ ẹbí rẹ̀ dáadáa, ọjá ìkookò ni wọ́n ń pè é.